Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ojú Ọ̀run Tó Ti Kàdúná Wá

Òórùn ọ̀dà tuntun lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú òórùn ọ́ìlì tó ti ń jóná díẹ̀díẹ̀, ni mo fi ń rántí agboolé ọkọ mi ní Kàbà. Àwọn obìnrin mìíràn á ní òórùn iyán ló ń mú wọn rántí ilé ọkọ. Èmi, ọ̀dà ni. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀, inú mi á kọ́kọ́ dùn nítorí pé òórùn náà dára, lẹ́yìn náà ni n óò di àpò owó mi mú, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ẹni tó fẹ́ lù ú ní jìbìtì tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwárà. Ìlọrin ni ìwé ọkọ̀ ti ń wá, Ìlọrin náà ni ọkọ mi, akọ̀wé kékeré ní ìjọba ìbílẹ̀, ti ń retí ìgbéga tí kì í dé. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń sọ nígbà náà pé ohun gbogbo tó bá ti Ìlọrin bọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn? Ó dára. Wàhálà tèmi ò ti Ìlọrin wá. Kàdúná ló ti wá, ó sì gun ọkọ̀ dé.

Iṣu ni mò ń tà. Òkè-Bùkún àti Ìyámoyè ni mo ti ń kó o, n óò kó o wá sí Kàbà, èyí tó bá ṣẹ́kù á lọ sí Lọ́kọ́ja. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí o bá gbé iṣu síwájú mi, n óò sọ irú ilẹ̀ tó ti wá fún ọ, n óò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ irú ẹni tó gbìn ín. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ kì í ṣe iṣu, ọkọ̀ ni. Bí mo bá kó ẹrù jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo máa dúró dè. Lọ́dún kan, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni iṣu mi fi wà nínú òjò ní Òkè-Bùkún, àwọn awakọ̀ ń kọjá, wọ́n ń juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń kí gómìnà. Nígbà tí ọ̀kan fi máa dúró, iṣu ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láti inú. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé n óò ra píkọ́ọ̀pù tèmi, ìbáà jẹ́ àlòkù. Ọdún méje ni mo fi ń tu owó náà jọ. Òun nìkan ni mo ní láyé. Bí mo bá fi ra òkú ọkọ̀, kò ní sí èyí tí n óò tún fi ra iṣu, orí mi ni n óò sì padà máa fi ru ẹrù bí ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Orí ọmọge lágbára. Tèmi ti ń fẹ́ ìsinmi.

Awakọ̀ àgbà kan wà tó máa ń gbé iṣu mi nígbà tó bá wù ú. Mẹ́ta nínú eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ọkọ̀. Òun ló là mí lójú, pẹ̀lú iṣu méjì tí mo fi sínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Ìyá oníṣu, má ra ọkọ̀ tó gbóná. Ọkọ̀ tó gbóná dà bí ọ̀mùtí, gbogbo ènìyàn ló ń bá rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kó sùn, kó jí, kí o wá wo ojú tó jí sí." Ó ní kí n fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, bí ọ́ìlì náà bá dà bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, kí n kí ẹni tó ń tà á kí n máa lọ ilé. Ó ní kí n wo táyà iwájú: bí apá kan bá jẹ ju apá kejì lọ, egungun ọkọ̀ náà ti dá rí. Ó ní kí n wo rọ́bà tó wà níbi tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nítorí pé wọ́n lè kun ara ọkọ̀, wọ́n lè rán ìjókòó tuntun sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rántí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ ò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀, tí rọ́bà yẹn sì ti dán bí orí apárí, irọ́ ni. Kí n wo orúkọ tó wà nínú pátíkúlà, ìwé ọkọ̀, kí n bèèrè ibi tí olórúkọ náà wà. Kí n wo ilẹ̀ tí ọkọ̀ sùn sí kí n tó wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń ra iṣu: òkìtì tí èyí tó tóbi jù bá wà lókè rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kí o ki ọwọ́ bọ̀. Bàbá náà ní, "Ǹjẹ́ ta ló wá ń yọ ẹ́ lẹ́nu?"

Àwọn ará ilé ọkọ mi ló ń yọ mí lẹ́nu. Ọkọ mi, ẹni rere ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò nílẹ̀kùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ni àkọ́bí ìyá wọn, ó ń gbé Kàdúná, ohun tó ń tà níbẹ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni títí di òní. Àwa ìyàwó ilé a máa pè é ní Bàbá Kàdúná. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé, pẹ̀lú páálí ṣúgà àti ohùn tó ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Bó ṣe gbọ́ pé mo ti tọ́jú owó ọkọ̀, ó ránṣẹ́: kí n má lọ gbówó fún àjèjì, òun ti rí píkọ́ọ̀pù kan fún mi, ọmọ ìyá kì í tan ọmọ ìyá. Mo ní èmi kọ́ ni ọmọ ìyá rẹ̀. Ọkọ mi ní, "Má bẹ̀rẹ̀." Mo ní mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìyá wọn náà wà níbẹ̀, ìyá ọkọ mi. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá ní ìlú wa. Kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi: obìnrin yìí ò fẹ́ràn mi. Kò fi pamọ́, kò sì wọ́n ata sí i kó lè dùn lẹ́nu. Ọmọ Owé ni, àwọn tó ni Kàbà, ó fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ọmọ Owé; mo ti Ìjùmú wá, mo ga, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń rin ọjà jìnnà. "Ẹnu ọmọ Ìjùmú yìí gùn ju ọ̀nà Ìlọrin lọ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀ ẹ́ wò, n óò sì wà níbẹ̀, n óò máa gbé omi fún àlejò. Ọbẹ̀ tí mo bá sè, á lá a jẹ tán, á ní kò níyọ̀.

Ìṣe kan wà nínú ilé yẹn tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé ọ. Ohunkóhun tó bá tuntun tó wọlé, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ìbáà ṣe màlúù, àgbà ilé ló ń gbé ago omi tútù, á da díẹ̀ sí i lórí, á gbàdúrà ní orúkọ Jésù, gbogbo wa á ṣe àmín. Látìgbà tí bàbá wọn ti kú, Ìyé ni àgbà ilé. Bí omi bá ti kan nǹkan náà, ó ti parí. A kì í dá a padà, a kì í sọ̀rọ̀ àléébù rẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹni tó bá dá a padà, àdúrà ló dá padà sẹ́nu àgbà. Bàbá Kàdúná mọ èyí dáadáa. Ìyàwó ò sì gbọdọ̀ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ nájà. O rí bí wọ́n ṣe dì mí lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé?

Ọ̀sán Sátidé kan ló wọlé. Ọkọ̀ náà dára lójú, mi ò purọ́. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n kùn ún, ó ń dán débi pé adìyẹ rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ tó fẹ́ bá a jà. Gbogbo agboolé jáde. Bàbá Kàdúná sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó mú òjò dé. "Ìyàwó, ojú rẹ rèé! Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kai! Òyìnbó kan ló ń lò ó, Sọ́ńdè nìkan ló fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kíni ní ìlú wa. Mo ní, "Ẹ òkun o, Bàbá Kàdúná. Ẹ dákun, ṣé píkọ́ọ̀pù ni òyìnbó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ náà ká. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ọwọ́ mi ti kọ́ ọ. Mo fi eegun ìka kan ara rẹ̀ bí mo ṣe ń kan iṣu. Iṣu tó dá ṣáṣá á dáhùn, èyí tó ti rà nínú á kàn gba ìkúùkù bí ẹni tó ń sùn. Ilẹ̀kùn dáhùn: kéń, kéń. Mo dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn: pọ̀, pọ̀. Mo padà, mo tún kàn án. Pọ̀. Láti orí táyà ẹ̀yìn títí dé ibi tí iná ẹ̀yìn wà, nǹkan funfun tí àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe máa ń pò bí ẹ̀kọ láti fi dí ihò ni wọ́n rọ́ síbẹ̀, wọ́n wá fi ojú ọ̀run bò ó mọ́lẹ̀. Mo yọjú wo ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Rọ́bà ọ̀hún ti jẹ kan irin. Òyìnbó yẹn mà lọ ṣọ́ọ̀ṣì o.

"Haba, Ìyàwó," ni Bàbá Kàdúná wí, "iṣu kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀, Bàbá Kàdúná. Iṣu kì í kun ọ̀dà."

Ó gbójú kúrò lára mi, ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyé, ẹ bá wa gbé omi wá. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i kí oòrùn tó pa yín." Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yìí. Kò pa á. Mo rí i pé kò fẹ́ pa á, ọ̀rọ̀ àgbà awakọ̀ yẹn sì bọ́ sí mi létí: má ra ọkọ̀ tó gbóná. Ìyé ti dìde, ó ń wá ago. Bí omi yẹn bá fi kan ọkọ̀, ọdún méje ti lọ. Mo ní, "Ìyé, ẹ forí jì mí. Owó ò sí nílé. Ọwọ́ alájọ ló wà, ó di ọ̀la kó tó gbé e wá." Irọ́ ni. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà, nínú àpò gaàrí. Mo ní, "Ọjà tí a ò tíì san, ti ẹlòmíì ni. Ṣé ẹ fẹ́ súre fún ọjà ẹlòmíì ni?"

Bàbá Kàdúná ní ẹbí ni wá, ká gbàdúrà lónìí, ká sanwó lọ́la. Ìyé dúró sí àárín. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó rí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ọbẹ̀ ẹja. "Ohun tí ọmọ Ìjùmú yìí sọ," ló wí, "ó dùn mí pé òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀." Ọmọ rẹ̀ ní ó dáa, òun á gbé ọkọ̀ lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Ìyé ní, "Ilé ò gbà á ni? Pa á síbẹ̀." Ó pa á. Bí ọkọ̀ náà ṣe gbọ̀n kó tó kú, ó dà bí ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní jí.

Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn àyàfi gbólóhùn kan: "O fẹ́ ba àárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́." Mo ní kó jẹun. Ó jẹun. Kì í bínú sí oúnjẹ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo mú ìgbálẹ̀, mo jáde láti gbálẹ̀ bí ìyàwó ilé rere. Ẹnìkan ti ṣáájú mi. Bàbá Kàdúná ló dojú bolẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń da omi láti inú garawa Ìyé sínú ibi tí ọkọ̀ ti ń mumi, omi náà sì ń rú èéfín bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Omi gbígbóná. Ó ń fi omi gbígbóná jí ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú tó jí sí. Lábẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ pupa ti dúdú, ọ́ìlì ti kó jọ síbẹ̀ tó ilẹ̀ tí ajá ń sùn sí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Mo gbé ohùn sókè, mo kí i bí ẹni tó ń kí ọba. "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Kàdúná! Ẹ òkun o! Ṣé ọkọ̀ náà ń wẹ̀ ni?"

Ó fò sókè. "Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Omi ló ń mu. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ mumi ni?"

"Ó ń mu omi gbígbóná, bí abiyamọ ọjọ́ mẹ́ta!"

"Ìyàwó, mọ ààyè rẹ."

"Ààyè mi nìyí. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ rẹ̀."

Àwọn ará ilé ti ń ṣílẹ̀kùn. Ọkọ mi jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ìyé náà jáde, ó ti wọ bùbá tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ago omi tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti múra àdúrà. Bàbá Kàdúná sáré wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ní kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ó tún yí i. Kẹ̀-kẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbà, èéfín funfun sì bọ́ síta láti ìdí rẹ̀ débi pé a ò rí ara wa mọ́, àwọn ewúrẹ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti inú èéfín ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ rí i! Ó dáhùn! Ìyé, ẹ da omi sí i, ẹ da omi sí i!" Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

"Òtútù ló mú un," ló wí. "Tò, kò sí wàhálà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin tì í."

Mo ní, "Òtútù kẹ̀? Àwọn ewúrẹ́ sùn síta, wọn ò wúkọ́."

Ìyé ṣì ń gbé ago bọ̀. Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo sọ ìgbálẹ̀ nù, mo wé ìró mi mọ́ra dáadáa, mo dùbúlẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ará ilé ọkọ mi, mo sì fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ́ìlì kán sí mi ní iwájú orí. Mo gbọ́ tí àwọn ìyàwó ilé ń pariwo "Yéè!" bí ẹni tó rí ìhòòhò ọba. Mo gbọ́ Bàbá Kàdúná: "Ẹ wò ó! Ẹ wo ìyàwó tí àbúrò mi fẹ́! Ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bí mẹkáníìkì!" Mo gbọ́ ọkọ mi, ohùn rẹ̀ kéré: "Jọ̀ọ́, dìde." Lábẹ́ ibẹ̀, kò sí ọ̀dà. Wọn ò retí pé ẹnikẹ́ni á wá kí wọn níbẹ̀. Irin ńlá méjì tó ru gbogbo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n ti gé e ní àárín, wọ́n sì ti fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó hu kókó bí egungun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tò. Iwájú ọkọ̀ kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn. Mo rò ó pé kí n kó iṣu Òkè-Bùkún sórí nǹkan yìí kí n gun òkè. Á já sí méjì lábẹ́ mi. Èmi pẹ̀lú iwájú á máa lọ, iṣu pẹ̀lú ẹ̀yìn á máa padà sí Òkè-Bùkún.

Ẹsẹ̀ kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ orí mi. Ẹsẹ̀ Ìyé ni. "Kí lo rí níbẹ̀?" ló wí, bí ẹni tó ń bá ajá sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ méjì ni, Ìyé. Wọ́n gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

Mo wọ́ jáde. Mo rí i tó ń wo garawa rẹ̀ tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó gbẹ. Ó wo ọmọ rẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú tí kò tíì kan omi. Ó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́, ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: "Ṣé o ti wẹ̀?"

"Ìyé, mò ń bọ̀ wá wẹ̀."

"Omi tí mo jí ní ìdájí gbé kaná fún ọ, tí o ní òtútù mú ọ, tí o ní o fẹ́ fi wẹ̀. Kí lo fi ṣe?"

Bàbá Kàdúná, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, kò rí ohùn kankan rán níṣẹ́. Ó kàn ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Ìyé wo ago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. A retí pé á da omi náà sí orí ọkọ̀, àbí kó dà á nù. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó gbé ago sẹ́nu, ó sì mu omi àdúrà náà tán, gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀, títí a fi rí ìdí ago. Ó nu ẹnu. "Òùngbẹ ń gbẹ mí," ló wí. "Ẹ ti ẹrù yín kúrò níbi tí mo ti ń sá èlùbọ́."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyé, nítorí ọmọ ẹlòmíràn?"

"Nítorí omi mi," ló wí, ó sì ń lọ.

Mo sáré tẹ̀lé e, mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì lójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó wò mí. "Dìde níbẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ. Àdúrà mi ni mi ò fẹ́ kó bà jẹ́. Lọ fọ ojú rẹ, o dà bí ìdí ìkòkò."

Wọ́n ti ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n sì rí ẹni tó fi okùn fà á lọ. Ibi tó gbẹ̀yìn sí, mi ò bèèrè. Ohun tó tẹ̀lé e kò dùn. Bàbá Kàdúná ń sọ káàkiri pé mo ṣe ọkọ̀ òun ní nǹkan, pé ojú mi ló pa ẹ́ńjìnnì. Ọdún mẹ́ta ló fi wálé tí kò fi yà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọkọ mi dojú kọ ògiri jẹun fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, ó ní mo ti sọ òun di ọkọ obìnrin tó ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn ìyàwó ilé fi ìyẹn kọrin fún mi lódò. Ìyé náà? Ní ọ̀la ọjọ́ náà gan-an, ó ní ọbẹ̀ mi kò níyọ̀.

Mo rò ó títí. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi nínú ilé yẹn ló ní kí n ra ọkọ̀ náà. Ọkọ mi fẹ́ràn mi, ó fẹ́ kí àlàáfíà wà. Àwọn ìyàwó ilé tí a jọ ń rẹ́rìn-ín fẹ́ gun píkọ́ọ̀pù lọ sí ọjà, wọ́n ń sọ pé àwọ̀ rẹ̀ bá ìró mi mu. Àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jà ti ń yan ibi tí wọ́n á jókòó sí. Ìfẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀, ń tì mí lọ sínú kòtò. Ẹnìkan ṣoṣo tí kò bìkítà bóyá mo yọ̀ tàbí mo sunkún ló wo ohun tó wà nílẹ̀ bó ṣe wà nílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, tí mo gbọ́ pé bàbá arúgbó kan ní Ìyámoyè, tó ń ra kòkó tẹ́lẹ̀, fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù rẹ̀, mo lọ bá Ìyé. Mo ní kó bá mi lọ wò ó. Ó ní, "Èmi? Kí ni mo mọ̀ nípa ọkọ̀?" Mo ní kò sí. Mo ní ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn mi. Ó ní òótọ́ ni, ó sì lọ múra.

Ó bú gbogbo ayé láti Kàbà títí dé Ìyámoyè. Ó bú ọ̀nà, ó bú ìjókòó, ó bú ìró mi. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí bàbá náà sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá náà sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé ìyàwó: gíà kejì kì í fẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn òsì kì í tì, orí rẹ̀ ń jò nígbà òjò, ó ń mu epo bí ọ̀mùtí. Mo ti ní ká sùn síbẹ̀. A sùn síbẹ̀. Ní àárọ̀, mo wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó gbẹ. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì, ó mọ́. Bàbá náà yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ jí bí àgbẹ̀ tó gbọ́ àkùkọ. Mo dùbúlẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó pariwo. Nígbà tí mo jáde, Ìyé ní, "Ó burẹ́wà. Ó dà bí ìwọ gan-an. Rà á, kò sí ẹni tó máa jí i." Mo rà á. Ọkọ̀ yẹn ló kó iṣu tó rán ọmọ mi mẹ́rin lọ sí ilé ìwé.

Bí o bá wá sọ́dọ̀ mi lónìí pé o fẹ́ ra ọkọ̀, tuntun tàbí àlòkù, n óò sọ gbogbo ti ọ́ìlì àti táyà àti rọ́bà fún ọ, wọ́n wúlò. Ṣùgbọ́n ohun tí n óò kọ́kọ́ bi ọ́ ni ẹni tí o ń mú dání. Bí o bá ní ọ̀rẹ́ rẹ ni, n óò ní kí o fi í sílé. Ọ̀rẹ́ á fẹ́ kí inú rẹ dùn, inú dídùn sì ni ẹni tó ń ta ọkọ̀ ń tà. Wá ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ, tí kò sì fẹ́ràn irọ́. Wọn ò pọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn mi pọ̀ ní Kàbà, má ṣàníyàn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, èyí tí kò rẹ́rìn-ín sì máa ń fẹ́ kí n ra òkú ọkọ̀. Ìyé ti kú tipẹ́. Mo sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sì rò pé mò ń ṣe àṣehàn. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ mẹ́ta ni mo ti rà, gbogbo rẹ̀ ló sì ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé mi ò tíì rí ẹnìkan mọ́ tó kórìíra mi tinútinú, tòótọ́tòótọ́, bíi tirẹ̀.